Ohun Tó Ń Dun Ẹṣin Bàbá Àgbà

Ẹṣin náà tún ń fi ojú ha ògiri. Láti inú yàrá ni mo ti ń gbọ́ ọ, pẹ̀lú ìró pátákò rẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì. Kò dúró lójú kan. Kí n tó dé ẹ̀yìnkùlé wa ní Mushin, Bàbá àgbà, bàbá tó bí ìyá mi, ti dì í lórí mú jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ojú ọ̀tún ẹṣin náà pọ́n, omi ń dà níbẹ̀, eṣinṣin sì ṣù mọ́ ìpéǹpéjú rẹ̀.

Abo ẹṣin pupa ni. Àwọn tó ń ṣe ìgbéyàwó ló máa ń wá háyà rẹ̀ kí ọkọ ìyàwó lè gùn ún. Bàbá àgbà ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ rán gàárì àti ìjánu, òórùn awọ àti koríko kì í sì kúrò lára aṣọ wa.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ọkọ ìyàwó kan wá gùn ún wò. Ẹṣin náà ń mi orí, ó ń ya ẹnu, kò gbọ́ tirẹ̀. Ọkùnrin náà ní olóríkunkun ni, kí Bàbá àgbà fi irin ìjánu tó mú ju tàtẹ̀yìnwá lọ sí i lẹ́nu. Nígbà tó lọ tán, Bàbá àgbà la ẹnu ẹṣin náà, ó ní kí n wá wò ó. Igun ẹnu rẹ̀ ti bó, ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀.

Èmi ni mo fa okùn ìjánu rẹ̀ kíkankíkan lánàá, kí àwọn ọ̀rẹ́ mi lè rí i pé ó ń gbọ́ tèmi. Mo jẹ́wọ́. Kò nà mí. Ó kó irin mẹ́ta jáde, ó fọ̀ wọ́n, ó ní kí n fi ahọ́n kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́ lọ́ bí okùn, ó ha mí ní ahọ́n. Èkejì tín-ín-rín, etí rẹ̀ mú. Ẹ̀kẹta nípọn, ó dán, ó ní oríkèé láàárín.

"Èwo lo lè gbé sẹ́nu látàárọ̀ ṣúlẹ̀?"

Mo nawọ́ sí ẹ̀kẹta.

"Ẹṣin ò lọ́wọ́ tó máa nà sí i," ó ní. "Orí tó ń mì yẹn ni ọ̀rọ̀ tó ń sọ."

Ní ìrọ̀lẹ́, ó lọ sọ fún ọkọ ìyàwó pé kó wá ẹṣin mìíràn. Ọkùnrin náà kó àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì wá, wọ́n bínú gan-an, wọ́n ní àwọn á ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ káàkiri àdúgbò.

"Ẹ máa bínú," Bàbá àgbà dáhùn. "Ẹ̀yin lè sọ ohun tó ń dùn yín."

Dókítà ẹranko wá kán oògùn sí ojú náà. Ní ọjọ́ kejì, èmi àti Bàbá àgbà lọ ra nẹ́ẹ̀tì ní ọjà Tejuoso, kó lè fi rán ìbòjú tí eṣinṣin ò ní lè gbà kọjá. Gbogbo èyí tí wọ́n bá mú wá ló ń fi ra ìpéǹpéjú ara rẹ̀, àwọn ọlọ́jà ń rẹ́rìn-ín, ojú ń tì mí. Ìbòjú àkọ́kọ́ tó rán kan ẹṣin náà nírun ojú, ó sì fi ògiri ya á. Bàbá àgbà tú u, ó ṣẹ́ ẹ po níwájú ojú kó lè yọ síta, kó má kan ojú, ó fi àrán gbá etí ìbòjú náà. Kò lè jókòó rán an. Ó rán díẹ̀, ó dìde lọ wọ̀n ọ́n wò lójú ẹṣin náà, ó tún padà.

Ojú náà san, àmọ́ àpá funfun kan kù nínú rẹ̀. Nígbà tí ẹnu jinná, tí irin dídán wọlé, ẹṣin náà fi ahọ́n yí i wò, ó gbé orí sílẹ̀, ó dúró. Àwọn ará ibi ìgbéyàwó yẹn ò tún pè wá mọ́.

Bàbá àgbà ti kú. Yábàá ni mò ń gbé báyìí, àwọn ọmọ kéékèèké ni mò ń kọ́ níwèé. Bí wọ́n bá ní ọmọ kan ò gbọ́ràn, ara mi kì í balẹ̀. Mo máa ń tú bàtà rẹ̀ wò, mo máa ń wo etí rẹ̀, ọrùn aṣọ rẹ̀. Nígbà mìíràn, mi ò ní rí nǹkan kan. Mo ṣì máa ń wò.