Ọjọ́ Tí A Wẹ Ilé Lójú Àlejò

Ilé tí bàbá bàbá mi kọ́ sí Ìsọlọ̀ kò ga. Ẹni tó bá gùn díẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹríba kó tó wọlé, àwọn ará ilé wa sì fẹ́ràn láti máa sọ pé ẹ̀kọ́ ìwà ni bàbá fi ń kọ́ àlejò. Èmi rò pé igi ló wọ́n lọ́dún náà. Amọ̀ ni ògiri rẹ̀, ó nípọn tó láti ìgúnpá dé orí ìka. Páànù orí rẹ̀ ti pọ́n bí epo. Àgbàlá wà láàárín rẹ̀, níbi tí òjò àti oòrùn ti ń wọlé láìkan ilẹ̀kùn.

Ire-Akárí ni wọ́n ti tọ́ èmi dàgbà, nínú ilé búlọ́ọ̀kù tó ní géètì. Ọjọ́ ọdún àti ọjọ́ ìsìnkú nìkan la máa ń dé ilé amọ̀ náà. Gbólóhùn kan wà tí gbogbo ọkùnrin ilé máa ń sọ fún àlejò níbẹ̀, tí wọ́n á yọ àyà síta bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́: "Láti ọjọ́ tí bàbá wa ti kọ́ ilé yìí, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án." Mo gbà á gbọ́. Mo gba ọ̀pọ̀ nǹkan gbọ́ kí n tó lọ sí yunifásítì, mo sì tún gba òmíràn kún un nígbà tí mo débẹ̀.

Àbúrò bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, ló ń gbé inú ilé náà. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ó sọ yàrá mẹ́ta di ibi tí àlejò lè sùn. Pápákọ̀ òfurufú kò jìnnà sí wa; ẹni tí bàálù rẹ̀ kò ní í gbéra títí di ọjọ́ kejì á gba ọ̀nà Apákun wá, á sùn, á mu ògì, á jẹ àkàrà láàárọ̀, Àǹtí á sì mú un yí ilé ká. Àwọn òyìnbó máa ń ya fótò ògiri. Àwọn ọmọ wa tó ti òkè òkun dé máa ń sunkún sí ogún baba wọn, lẹ́yìn náà wọ́n á béèrè ibi tí ẹ̀rọ amúlétutù wà.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, olórí ẹbí tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, ní ohun mìíràn lọ́kàn. Oníṣòwò kan láti Òṣòdì ti wá bá a pé kí wọ́n wó ilé náà, kí wọ́n fi ilẹ̀ rẹ̀ kọ́ pláàsà ìtajà alájà mẹ́ta, onígíláàsì. Ní ìpàdé ẹbí, Bàbá na àwòrán pláàsà náà sókè kí gbogbo wa lè rí i. Nínú àwòrán yẹn, kò sí gọ́tà, kò sí ọ̀kadà, òyìnbó mẹ́rin sì ń rìn lọ níwájú ilé bí ẹni pé Ìsọlọ̀ ni wọ́n ti ń ra ata.

"Amọ̀ yìí á wó lọ́jọ́ kan," Bàbá wí. "Bó bá jó ńkọ́? Bí omi bá gbé e ńkọ́? Ta ni yóò san án fún wa?"

Àǹtí ní, "Ìnṣọ́ránsì."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. "Ó dáa. Mú ìwé ìnṣọ́ránsì wá kí oṣù méjì tó pé. Bí o kò bá rí i, a ó wó o."

Ẹ̀rín tán.

Ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ètò ìrànwọ́ kan jáde nígbà náà fún àwọn tó ń ṣòwò ìrìn-àjò afẹ́. Èmi àti Àǹtí lọ sí ìpàdé tí wọ́n fi là á yé wa. Ọ̀gá kan wọ kóòtù, ó de táì, ó ń làágùn, ó fi wákàtí kan sọ fún wa pé ká má ṣe jẹ́ kí àṣà òkèèrè gba tiwa lọ́wọ́ wa. Àǹtí sọ sí mi létí pé ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan ni wọ́n wó kí wọ́n tó rí ibi kọ́ gbọ̀ngàn tí a jókòó sí. Wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù. Ìrànwọ́ wà fún títún òrùlé ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tí ilé rẹ̀ kò bá ní ìnṣọ́ránsì, kó má wulẹ̀ dá fọ́ọ̀mù padà. Bàbá ń béèrè ìwé ìnṣọ́ránsì, ìjọba náà ń béèrè rẹ̀. Kò sí ọ̀nà mìíràn mọ́.

Àǹtí gbé fọ́ọ̀mù ìnṣọ́ránsì lé mi lọ́wọ́. "Ìwọ lo lọ sí yunifásítì. Kọ ọ́ kó dùn."

Mo kọ ọ́ kó dùn. Níbi tí wọ́n ti béèrè bí a ṣe ń tọ́jú ilé, mo fi Gẹ̀ẹ́sì tó wọ agbádá kọ ọ́ pé láti ayé àwọn baba ńlá wa, ọwọ́ ènìyàn kankan kò kan ògiri ọlọ́wọ̀ yìí. Gbólóhùn náà dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì. N kò fi han Àǹtí kí n tó fi ránṣẹ́. Ta ní í gbé iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé fún nọ́ọ̀sì yẹ̀ wò?

Ọkùnrin tí iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì rán wá dé akoto, bí ẹni tó fẹ́ wọ inú ihò ìwakùsà. Ó tẹríba lẹ́nu ọ̀nà, akoto náà ṣì kọlu àtẹ́rígbà. Ó fọwọ́ pa ògiri, ó wo fọ́ọ̀mù, ó tún wo ògiri.

"Ẹ̀yin lẹ kọ èyí?"

Mo ní èmi ni, mo sì ń retí ìyìn.

"Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá ní mọ́tò, tí mo sọ fún yín pé n kò yí ọ́ìlì rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti rà á, ṣé ẹ ó bá mi wọ̀ ọ́ lọ sí Ìbàdàn?"

Mo na ọwọ́ sí fọ́ọ̀mù náà, kò dá a padà fún mi.

"Ilé amọ̀ kọ́ ni ìṣòro. Ilé amọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tọ́jú ni. N kò lè fọwọ́ sí i."

Àǹtí, tó ń gbé omi tútù bọ̀ fún un, dúró gbọn-in. "Ta ló sọ pé a kì í tọ́jú rẹ̀?"

Ọkùnrin náà na fọ́ọ̀mù sí i. Àǹtí wọ awò rẹ̀, ó kà á tán, ó wá wò mí bí nọ́ọ̀sì ṣe ń wo ẹni tó gbé oògùn ojú mu.

"Lọ́dọọdún ni a ń wẹ ilé yìí," ó wí.

Èmi tí mo pe ara mi ní ọmọ ilé, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ nìyẹn. Kí òjò tó dé lọ́dọọdún, àwọn ìyàwó ilé àti àwọn ọmọ ilé lóbìnrin á pé jọ ní ìdájí. Wọ́n á po ilẹ̀pa mọ́ ìgbẹ́ màlúù, wọ́n á rẹ èèpo èso igbá, igi tó ń so irú, sínú omi, wọ́n á fi omi náà lù ú, wọ́n á fọwọ́ rẹ́ gbogbo ògiri títí ibi tó sán yóò fi dí. Wíwẹ ilé ni wọ́n ń pè é. Èèwọ̀ ni kí àlejò rí i, nítorí ilé tó ń wẹ̀, ìhòòhò ló wà. Kí oòrùn tó yọ, wọ́n á ti parí, wọ́n á ti fọ ọwọ́. Tó bá di ọ̀sán, àwọn ọkùnrin á jókòó ti ògiri náà, wọ́n á máa sọ fún àlejò pé ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án.

"Ti ọdún yìí ku ọ̀sẹ̀ méjì," Àǹtí sọ fún ọkùnrin náà. "Ẹ padà wá, kí ẹ wá fi ojú yín rí i. Ẹ mú ohun tí ẹ fi ń ya fótò dání."

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Bàbá kí alákoto tó dé ibùdókọ̀. Bàbá wá lọ́jọ́ kejì, kò tilẹ̀ jókòó.

"O fẹ́ tú ilé bàbá wa sí ìhòòhò lójú onínṣọ́ránsì?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ni ẹ fẹ́ wó o. Èwo ló burú jù, ká bọ́ ọ láṣọ ni, àbí ká pa á?"

"Èèwọ̀ ni!"

"Èèwọ̀ àwa obìnrin ni. Àwa la dè é, àwa náà la ó tú u. Àbí ẹ ti bá wa rẹ́ ògiri rí?"

Bàbá wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní kí wọ́n bu omi fún òun mu.

Àǹtí pe àwọn obìnrin ilé lọ́kọ̀ọ̀kan lórí fóònù. Ọ̀kan tó ń ta aṣọ ní Òṣòdì ní ẹ̀rù èèwọ̀ ń ba òun. Àǹtí lọ jókòó sí ìsọ̀ rẹ̀ láti àárọ̀, ó ń bá a ká aṣọ, kò sọ̀rọ̀ ilé rárá. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, obìnrin náà ní òun á wá, kí Àǹtí ṣáà dìde lórí àpótí òun. Ó wá ku èmi.

"Àǹtí, ṣé iṣẹ́ obìnrin kọ́ ni?"

"O ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ọwọ́ ènìyàn kò kàn án. Wá fi ọwọ́ rẹ jẹ́rìí."

Lọ́jọ́ náà, a kò bẹ̀rẹ̀ ní ìdájí. A dúró de alákoto títí aago mẹ́jọ fi lù. Nígbà tó dé, kò sí obìnrin tó fẹ́ kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ amọ̀. Wọ́n ń wo ilẹ̀. Àǹtí fi orúkọ bàbá rẹ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ògiri, ó bu amọ̀, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, gbà! Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Tèmi jábọ́ sórí bàtà mi.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n," obìnrin Òṣòdì pariwo, "bọ́tà kọ́ ni, kì í ṣe búrẹ́dì lò ń fi í sí! Tẹ̀ ẹ́!"

Mo tẹ̀ ẹ́. Alákoto ń ya fótò. Ó fi ọ̀bẹ tọ́ ògiri wò. Ó bu omi, ó dà á sí ibi tí wọ́n rẹ́ lọ́dún tó kọjá. Omi náà yọ̀ wálẹ̀ láìwọnú ògiri, bí ẹni pé orí ewé kókò ló gbà. Ó bọ́ akoto rẹ̀, ó béèrè lọ́wọ́ Àǹtí bí wọ́n ṣe ń rẹ èèpo igbá, ó sì jókòó kọ gbogbo ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí oṣù méjì pé nígbà tí ìwé ìnṣọ́ránsì náà dé. Ọdún kan péré ni wọ́n fún wa. A gbọ́dọ̀ pààrọ̀ waya, ká ra ohun tí wọ́n fi ń pa iná, ká sì fi fótò wíwẹ ilé ránṣẹ́ lọ́dọọdún. Bàbá kà á, ó dojú ìwé náà délẹ̀, ó tún wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá èrú wà níbẹ̀. Ó ká àwòrán pláàsà rẹ̀, ó tì í sábẹ́ apá. "Ọdún kan," ó wí.

Fọ́ọ̀mù ìjọba ti wọlé, ìrànwọ́ kò tíì jáde. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni Àǹtí ń lọ béèrè rẹ̀. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n débi pé wọ́n ti ya àga sọ́tọ̀ fún un. Mo máa ń tẹ̀ lé e. Fọ́ọ̀mù tí mo bá kọ nísinsìnyí, òun ló ń kọ́kọ́ kà á.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àlejò méjì ń wo ògiri, Bàbá sì jókòó tì í bí ìṣe rẹ̀. Ó yọ àyà síta. "Láti ọjọ́ tí bàbá wa ti kọ́ ilé yìí, ẹnikẹ́ni kò…"

Àǹtí wúkọ́ láti inú àgbàlá.

"…kò jẹ́ kó wó," Bàbá wí. Ó wo ọ̀nà àgbàlá, ó tún ní, "Àwọn obìnrin wa ni."