Ọwọ́ Ni Wọ́n Ń Ṣe Kẹ́yìn

Kò sí ẹni tó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní ilé-ẹ̀kọ́ yẹn tí kò mọ Bàbá Wáyà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sọ ọ́ lórúkọ náà, nítorí wáyà kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Tí wọ́n bá ti fi òkú kọ́ ẹ̀kọ́ tán, òun ni yóò gba eegun rẹ̀, yóò sè é, yóò fọ̀ ọ́, yóò sá a títí yóò fi funfun. Lẹ́yìn náà ni yóò lu ihò tín-ín-rín sí i, tí yóò fi wáyà so ó ní oríkèé-oríkèé títí yóò fi dìde dúró bí ènìyàn. Igba eegun ó lé mẹ́fà ló wà lára àgbàlagbà, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Bàbá Wáyà sì ti fi ń tò wọ́n. Ẹ má bi mí bóyá iṣẹ́ náà ń rùn. Ó ń rùn. Ìta ni bàtà ibi iṣẹ́ rẹ̀ máa ń sùn, bí ìyàwó rẹ̀ ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó fi ẹ̀mú gé wáyà, wáyà ò gé. Ó tún un ṣe, ẹ̀mú yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bọ́ sílẹ̀. Ó bú ẹ̀mú náà bí ẹni ń bú ọmọ tí ò gbọ́ràn, ó ní ó ti gbó. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ìdí fèrèsé, tó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, ó rí i pé ẹran tó wà láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ti rì wọlé. Ẹlòmíràn ì bá ní òun kàn rù ni, kí wọ́n fi kún oúnjẹ òun. Bàbá Wáyà kò lè tan ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́dọọdún ló ń dúró lẹ́yìn àwọn olùkọ́ tí wọ́n ń sọ pé iṣan ibẹ̀ yẹn la fi ń yí kọ́kọ́rọ́, òun la fi ń di abẹ́rẹ́ mú. Ó ti rí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ lórí tábìlì rí, ó sì gbọ́ ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀: tí iṣan ibẹ̀ bá gbẹ láìsí ọgbẹ́, láìsí ìrora, tí ẹran apá sì ń ta pìpì fúnra rẹ̀, àìsàn kan wà tí í bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí í gba apá lọ sí ẹsẹ̀, tí í gba ẹsẹ̀ dé ahọ́n, ibi èémí ló sì máa ń parí sí. Kò ní oògùn.

Ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè. Ẹran apá rẹ̀ ń ta pìpì bí ojú omi tí òjò ń kán sí.

Kò sọ fún ìyàwó rẹ̀, ó kàn pa gbogbo ẹ̀wù alábọ́tìnì rẹ̀ tì. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ dókítà ilé ìwòsàn ní oṣù kejì, dókítà náà yí ọ̀rọ̀ po títí kó tó là á mọ́lẹ̀ fún un, Bàbá Wáyà sì dúpẹ́ bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí.

Ẹ̀rù ikú bà á, irọ́ ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jù ni Ọ̀gá, tó wà nínú àpótí mẹ́rin lórí pẹpẹ, tí kò tíì tò.

Ọ̀gá ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ogún ọdún ni wọ́n fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì kan náà, Ọ̀gá níhìn-ín, òun lọ́hùn-ún, tí wọ́n kọjú síra wọn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni Ọ̀gá ti sọ fún un pé, "Ọ̀tún òkú ni ọ̀tún. Tìẹ kọ́." Àṣìṣe tí gbogbo ẹni tuntun máa ń ṣe nìyẹn, torí pé ẹni tó bá kọjú sí ọ, ọ̀tún rẹ̀ á bọ́ sí òsì rẹ. Ọ̀gá kò tún gbà kí ẹnikẹ́ni fi pẹ́ẹ̀nì sàmì sára eegun. Àtàǹpàkò àti ìka lèèyàn á fi yí eegun, á dijú, á sì mọ ibi tó ti wá. Ọwọ́ ni wọ́n sì ń ṣe kẹ́yìn, nítorí eegun mẹ́rìnléláàádọ́ta ló wà nínú ọwọ́ méjèèjì, ẹni tó bá ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni yóò sú u sí.

Kí Ọ̀gá tó kú, ó fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n gbé òkú òun fún ilé-ẹ̀kọ́. Ilé dàrú. Àwọn ẹbí rẹ̀ ní ìyàwó rẹ̀ ló ta á. Ìyàwó yìí, tí Bàbá Wáyà ń pè ní Ìyá, kò bá wọn fà á. Ó ní òun gbà, kìkì pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá tò ó tán, kí wọ́n pe òun wá wò ó. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ sì fa Bàbá Wáyà mọ́ra lórí ibùsùn àìsàn.

"Ìwọ ni kó o tò mí," ló wí. "Má tò mí ní jákujàku, torí Ìyá máa wá wò mí."

Ta ni kó tún gbé e fún? Kò sí ẹni tí wọ́n gbà láti kọ́ iṣẹ́ náà lẹ́yìn rẹ̀. Eegun oníke ni ilé-ẹ̀kọ́ ń rà báyìí, nínú páálí ló ń wá, wọn á kàn gbé e dúró ni. Dókítà tó ń bójú tó yàrá iṣẹ́ rẹ̀, ọmọbìnrin oníwà pẹ̀lẹ́, ti sọ fún un lẹ́ẹ̀mejì pé kó fi Ọ̀gá sílẹ̀ nínú àpótí, pé kò sẹ́ni tí yóò bi í. Bàbá Wáyà dá a lóhùn pé ẹni tí yóò bi òun wà.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó fi irin gba àárín eegun ẹ̀yìn, ó so egungun ìhà mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bá Ọ̀gá ṣàwàdà pé ìhà rẹ̀ lágídí bí ẹnu rẹ̀. Nígbà tó dé ibi itan, ọwọ́ òsì ló fi ń fún ẹ̀mú. Nígbà tó dé agbárí, ọwọ́ méjèèjì ló fi ń fún un, òsì náà sì ti ń rì. Ó rí i pé eegun apá Ọ̀gá wú, ó sì le níbi tí iṣan ti fà á fún àádọ́ta ọdún iṣẹ́. Ó fi ìka rẹ̀ tó ti ń kú lọ pa ibẹ̀, ó jowú òkú.

Ó wá ku ọwọ́. Abọ́ méjì ló kó wọn sí, ọ̀tún sínú ọ̀kan, òsì sínú èkejì. Ó gbé wọn pọ̀ kó lè gbé wọn lọ sídìí fèrèsé, wọ́n já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ fọ́n ká orí símẹ́ńtì. Orí ìkúnlẹ̀ ló ti ṣà wọ́n. Ó kà wọ́n, wọ́n pé, ṣùgbọ́n wọ́n ti dà pọ̀.

Ti ọrùn ọwọ́ àti ti àtẹ́lẹwọ́ kò ṣòro, ojú lásán tó láti yà wọ́n. Ti ìka ni wàhálà. Méjìdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n, ọ̀tún sì jọ òsì bí ẹ̀wà ṣe jọ ẹ̀wà. Kí èèyàn yí wọn láàárín ìka ló kù, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì lè ṣe mọ́ nìyẹn. Ojú ló fi yà wọ́n, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ẹyọ kan péré ló fi í lọ́kàn balẹ̀, eegun àárín ìka ìfábẹ̀lá kan tó ki, tó sì tẹ̀. Ilẹ̀kùn irin ló ti pa ìka náà kí òun tó mọ Ọ̀gá. Ó dijú, ó rántí Ọ̀gá ní òdìkejì tábìlì, tó ń fi ìka títẹ̀ náà tọ́ka sí nǹkan. Ó rí i kedere, níhà ọwọ́ òsì ló wà. Ó fi í sí ọwọ́ òsì. Eyín ló fi fún wáyà tó kẹ́yìn.

Ìyá wá ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Dókítà yàrá iṣẹ́ náà kí i, ó sì fi wọ́n sílẹ̀. Ìyá gbé báàgì rẹ̀ sórí àga, ó wo ọkọ rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní wọ́n ti bá a na ẹ̀yìn rẹ̀ tó ti tẹ̀. Ara Bàbá Wáyà wá sílẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́sàn-án, inú rẹ̀ dùn.

Ìyá wá na ọwọ́ mú ọwọ́ ọ̀tún. Ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ tọ ìka ìfábẹ̀lá dé òpin, ó tún un tọ̀.

"Ìka rẹ̀ dà?"

"Ìka wo, Ìyá?"

"Èyí tó tẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ló wà. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mo fi ń dì í mú rìn."

Lójú ẹsẹ̀ ni Bàbá Wáyà mọ ohun tó ṣe. Òdìkejì tábìlì ló ti ń wo Ọ̀gá fún ogún ọdún, ọ̀tún Ọ̀gá ló sì rí níhà òsì tirẹ̀. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ kìíní. Ó ti bá ọmọ ọlọ́mọ wí lórí ẹ̀ níye ìgbà, kò sì ṣi í ṣe lára òkú kankan rí, àfi lára Ọ̀gá.

Ó jẹ́wọ́. Ìyá ní kò burú, kó tú u, kó dá a padà sáyè rẹ̀, òun á jókòó dúró.

Ó mú ẹ̀mú, ó fi ọwọ́ méjèèjì fún un títí òógùn fi bò ó. Wáyà kò mira. Ẹ̀mú bọ́. Ìyá bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó fi í lé e lọ́wọ́, ó tún bọ́. Bàbá Wáyà wá na ọwọ́ méjèèjì síwájú Ìyá. Ìyá fi ìka kan ibi tó rì.

"Ṣé àìsàn yìí máa lọ?"

"Kò ní lọ, Ìyá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ni."

"Ta ló tún mọ̀ ọ́n ṣe?"

"Kò sí."

Ìyá kò sunkún. Ó rọra yí ká Ọ̀gá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òsì, níbi tí kò rìn sí rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra. Ó di ìka títẹ̀ náà mú níbẹ̀, ó dúró bí àlejò.

Bàbá Wáyà kò lè wò ó. Ó lọ sídìí fèrèsé bí ẹni pé àkókò àtitì í tó. Ó yí irin tí wọ́n fi ń tì í, kò yí. Ó fi òsì yí i, ó fi ọrùn ọwọ́ tì í, kò gbọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ó ń gbọ́ bí eegun ìka ṣe ń kan ara wọn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lọ́wọ́ Ìyá. Ó fi iwájú orí ti gíláàsì.

"Ìyá," ló wí láìyíjú padà, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ti fèrèsé yìí."

Ìyá fi ìka náà sílẹ̀, ó sì wá bá a tì í.