Ohùn Ọ̀gá Mi Nínú Láptọ́ọ̀pù Oníláptọ́ọ̀pù

Obìnrin náà kò kí mi. Ó gbá láptọ́ọ̀pù kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ, ó fi ẹsẹ̀ ti báàgì ńlá kan wọlé, ó ní, "Ta ni ń jẹ́ Àjọkẹ́ níbí?"

Èmi nìkan ni mo wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Mo ní, "Èmi ni, mà."

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìwọ nìyí? Ìwọ gan-an?" Ó jókòó láìjẹ́ pé mo fi àga lọ̀ ọ́. "Ó dáa. Mọ́tò Ìlọrin ń kó èrò lọ́wọ́ ní gáréèjì. Kó tó kún, wàá sọ ohun tó wà láàárín ìwọ àti ọkọ mi fún mi."

Yéè! Ọdún kẹta tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Rumuokoro, ní Port Harcourt, nìyẹn. Wọ́n ti bá mi jà nítorí kíbọọ̀dù, wọ́n ti bá mi jà nítorí ṣájà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò tíì bá mi jà nítorí ọkọ.

Kí n tó sọ bó ṣe jẹ́, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ìwà mi. Alálàá ni mí. Kì í ṣe àlá ojú oorun o. Ojú mi á là sílẹ̀ kedere, ọwọ́ mi á wà lórí iṣẹ́, ọkàn mi á ti lọ. Òjò Port Harcourt ló sì burú jù fún irú wa. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ lórí páánù, tí òórùn bọ̀ọ̀lì àti ẹja yíyan bá gba inú òjò wọlé, mo ti lọ nìyẹn. Ọ̀gá mi, bàbá kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n kọ́ mi níṣẹ́ yìí, kì í lù mí, wọn kì í bú mi. Wọ́n á kàn na ohùn: "Àjọkẹ́! Ibo lo tún lọ? Padà wálé." Oríkì mi ni wọ́n fi ń pè mí. Pidgin la fi ṣeré dàgbà ní ìlú yìí, ẹnu wọn nìkan ni mo sì ti ń gbọ́ oríkì náà lẹ́yìn tí ìyá mi kú.

Àlá yìí dójú tì mí lọ́jọ́ kan. Mò ń kó àwòrán ìgbéyàwó oníbàárà kan kúrò nínú díìsìkì tó ń ṣàìsàn. Iná lọ, mi ò mọ̀. Àmì kékeré tí láptọ́ọ̀pù fi ń kìlọ̀ yọ ní igun ìsàlẹ̀, mi ò rí i. Òjò ni mò ń wò. Bátìrì tán, láptọ́ọ̀pù kú pátápátá, díìsìkì náà ò sì jí mọ́. Mo sunkún lójú oníbàárà yẹn.

Ọjọ́ kejì ni mo kọ sìkírípìtì. Kì í ṣe nǹkan bàbàrà: ìlà àṣẹ díẹ̀ ni a ń kọ sínú fáìlì, tí kọ̀ǹpútà á máa kà fúnra rẹ̀. Tèmi sọ fún un pé: ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, wo bátìrì. Bó bá wálẹ̀ dé ogún nínú ọgọ́rùn-ún, tí wáyà ṣájà ò sì sí lára rẹ, pariwo. Mo ṣètò rẹ̀ kó máa jí ní gbogbo ìgbà tí a bá tan kọ̀ǹpútà. Ariwo wo ló wá fẹ́ pa? Mo dán "píìpíìpíì" wò, èmi àti píìpíì jọ lọ sínú àlá ni. Ohùn kan ṣoṣo ló ń dá mi padà. Mo gbé fóònù sẹ́nu Ọ̀gá, mo gba ohùn wọn sílẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Láti ọjọ́ náà, bátìrì ò kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Àwọn oníbàárà gbọ́, àwọn náà fẹ́. Ohùn tí oníkálukú bá fẹ́ ni mo máa ń gbà sí i. Ọkọ obìnrin yìí, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Trans-Amadi, gbé tirẹ̀ wá lọ́jọ́ òjò. Ẹ ti mọ ìyókù. Mo fi bátìrì tuntun sí i, mo da fáìlì tèmi sínú rẹ̀, mo gbàgbé láti pààrọ̀ ohùn.

Ọkọ náà fi í sílẹ̀ lórí tábìlì nílé lọ kírun Jímọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń gbálẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ohùn ọkùnrin kan jáde: "Àjọkẹ́! Ibo lo tún lọ? Padà wálé." Nínú ẹ̀rọ kékeré bẹ́ẹ̀, gbogbo ọkùnrin lohùn wọn jọra. Ọkọ dé, ó búra pé òun ò mọ Àjọkẹ́ kankan. Òótọ́ ló sọ, "Sister" ló máa ń pè mí. Ìbúra yẹn ló wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ìyàwó bi í ibi tó gbé láptọ́ọ̀pù náà lọ kẹ́yìn, ó ní ṣọ́ọ̀bù wa ni.

Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún un, ahọ́n mi ń kọsẹ̀. Mo na ọwọ́ sí láptọ́ọ̀pù tèmi kí n tẹ ohùn náà fún un gbọ́.

"Má tẹ nǹkan kan," ó ní. "Wàyó pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀yin oníkọ̀ǹpútà. Bó bá jẹ́ òótọ́, jẹ́ kó sọ ọ́ fúnra rẹ̀."

Mo bá tan láptọ́ọ̀pù ọkọ rẹ̀, mi ò fi wáyà sí i. Bátìrì ku mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Àwa méjèèjì jókòó, a ń wò ó. Ọgbọ̀n. Kọ̀ndọ́kítọ̀ ń ké ní gáréèjì, "Ilorin remain three! No dull o!" Òjò bẹ̀rẹ̀ lórí páánù. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.

Nígbà tó ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kò wojú mi. "Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti bá a dé ìlú yìí. Nílé, Àṣàkẹ́ ló ń pè mí. A dé ibí, mo di Ìyá Rìdwán. Lẹ́yìn ìyẹn, mo di 'How far.' Ká ní ó pe obìnrin kan ní 'baby,' mi ò bá má bínú tó báyìí. Oríkì ló pè é o! Ó ní kó padà wálé."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo gbójú sí òjò. Mò ń rò ó bí yóò ṣe rí kí èèyàn jókòó sínú mọ́tò láti ibí dé Ìlọrin, pẹ̀lú oríkì tẹ́nìkan ò pè. Mo rí ọ̀nà tó tutù, mo rí igi tó ń sá lọ sẹ́yìn, mo rí ìyá mi lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń ká aṣọ kúrò lórí okùn nítorí òjò.

"Àjọkẹ́! Ibo lo tún lọ? Padà wálé."

Obìnrin náà fò dìde. Láptọ́ọ̀pù kọ́ ló sọ̀rọ̀, mẹ́tàlélógún ló ṣì wà. Ọ̀gá mi ni. Wọ́n ti mọ́sálásí dé, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń gbọn omi kúrò lára agbòjò wọn. "Ẹ má bínú, ìyàwó wa," wọ́n ní. "Ọmọ yìí ti fi yín sílẹ̀ lọ."

Obìnrin náà wò wọ́n, ó wo láptọ́ọ̀pù ọkọ rẹ̀, ó tún wò wọ́n. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

Ọ̀gá tún un sọ, ó ń yà wọ́n lẹ́nu. Obìnrin náà káwọ́ lérí, ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Kọ̀ndọ́kítọ̀ ń ké, "Ilorin remain one!" Kò tilẹ̀ yíjú síbẹ̀.

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́, mo ní kí n pa ohùn náà rẹ́ kíá nínú láptọ́ọ̀pù ọkọ rẹ̀. Ó ní, "Pa á rẹ́." Ó nu ojú. "Ṣé ohùn tèmi lè wọ ibẹ̀?" Ó sún mọ́ fóònù mi, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́: "Àlàó mi, iṣẹ́ ti tó. Ẹ máa bọ̀ nílé." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó gba ọ̀nà ilé.

Ó tó ọdún kan kí ọkọ rẹ̀ tó gbé láptọ́ọ̀pù náà padà wá. Bátìrì tí mo fi sí i ti ṣá.

Mo ní, "Bọ̀dá, kí lẹ ń fi bátìrì yìí ṣe? Kò yẹ kó tíì bàjẹ́."

Ó wolẹ̀. "Sister, bí mo bá ń parí iṣẹ́ nírọ̀lẹ́, mo máa ń yọ wáyà kó lè wálẹ̀ dé ogún. Àṣàkẹ́ á wá pè mí."

Ó yẹ kí n bá a wí. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn Ọ̀gá mi ti fẹ̀yìn tì lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ṣọ́ọ̀bù ti di tèmi, mo sì ti pààrọ̀ bátìrì tèmi lẹ́ẹ̀mejì. Bí òjò bá ti ń bọ̀, èmi náà máa ń yọ wáyà.