Jọ́ìstíìkì Ọlábánjí

Ọlábánjí kì í ṣe injiníà. Akọ̀wé ni ní ilé iṣẹ́ kan tó ń báni gba ẹrù jáde ní èbúté, ní Warehouse Road. Ṣùgbọ́n bí o bá pè é ní akọ̀wé ní àdúgbò wọn l'Olodi-Apapa, kò ní dá ọ lóhùn.

Lọ́dún 1990, ilé iṣẹ́ náà kó àlòkù kọ̀ǹpútà dànù. Ọlábánjí he jọ́ìstíìkì kan níbẹ̀, ọ̀pá dúdú oníbọ́tìnnì pupa tí wọ́n fi ń gbá géèmù. Ó gbé e wálé bí ọmọ tuntun. Kò ní kọ̀ǹpútà. Kò sì sẹ́ni tó ní in nínú gbogbo ilé náà. Síbẹ̀, odindi ọdún mẹ́rin ló fi ń tú u, tó ń jó wáyà rẹ̀ pọ̀, tó tún ń tú u. Bó bá ti dè é tán, á ní, "Ó ti ń ṣiṣẹ́!" Ta ló fẹ́ jà á níyàn?

Nígbà tó di 1994, ojú rẹ̀ kan tẹlifíṣọ̀n tí Morádéún, ìyàwó rẹ̀ tó ń ránṣọ, rà. Ó ní òun máa so jọ́ìstíìkì mọ́ ọn, kéèyàn lè jókòó sórí àga kó máa fi gbé ohùn rẹ̀ sókè.

"Bàbá Peculiar, ẹ jọ̀ọ́," Morádéún ní, "ẹsẹ̀ méjì péré ni láti orí àga yín dé ibẹ̀."

"Ìrìn yẹn gan-an ló ń dá Áfíríkà dúró," ọkọ rẹ̀ fèsì.

Ọjọ́ Àìkú tí Nàìjíríà àti Zambia gbá àṣekágbá ife Áfíríkà ló fi í hàn. Gbogbo ará ilé kún pálọ̀. Zambia ló kọ́kọ́ gbá góòlù wọlé, ibẹ̀ sì pa rọ́rọ́. Ọlábánjí ní ohùn tẹlifíṣọ̀n ló kéré. Ó ti ọ̀pá síwájú. Nǹkan ta pá, èéfín rú, ojú tẹlifíṣọ̀n ṣú. Kò pẹ́ rárá tí ariwo "Góòòlù!" fi sọ láti ilé kejì. Nàìjíríà ti dá a padà.

"NEPA ni," Ọlábánjí ní. Fáànù ń yí lókè orí rẹ̀.

Ambrose, ayálégbé tó ń wa kirénì ní èbúté, wo fáànù, ó wo Ọlábánjí. "Injiníà, God go judge you," ó ní, ó sì sáré tẹ̀lé àwọn tó ti ń tú jáde.

Ní Sátidé, Morádéún ru tẹlifíṣọ̀n lọ bá Azubuike, ẹni tó ń tún rédíò ṣe ní Boundary. Ọlábánjí tẹ̀lé e, ó dúró lé ọkùnrin náà lórí, ó ń júwe.

"Oga, abeg, shift," Azubuike ní. "You dey block light."

Ó fa wáyà mẹ́rin jáde, ó pààrọ̀ fíùsì kan, àwòrán dé. Ojú ti Ọlábánjí, ṣùgbọ́n ìtìjú náà kò pẹ́ lára rẹ̀: ní Mọ́ńdè, ó ń sọ ní ọ́fíìsì pé òun lòun kọ́ Azubuike níṣẹ́.

Morádéún wá ṣòfin nílé: ohun tí òun kò bá rà nìkan ni kí ọkọ òun máa tú. Ọlábánjí wo yàrá yíká. Fáànù, áyọ̀n, rédíò, ti ìyàwó ni gbogbo rẹ̀. Ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀.

Láti ìgbà náà, Ambrose ni Ọlábánjí máa ń bi pé aago mélòó ló lù.