Ọjọ́ Tí Mo Wọ Abẹ́ Lọ́rì Mi

Òórùn gíríìsì ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, àti òkúta wẹ́wẹ́ tó ń gún mi lẹ́yìn lábẹ́ lọ́rì akẹ́rù kòkó tí mò ń wà ní Ìdànrè, láyé ìjọba òyìnbó. Ọ̀dọ́ awakọ̀ ni mí nígbà náà. Ọwọ́ kan ni mo fi ń di sítíárìn mú, lójú tèmi, kò sẹ́ni tó mọ ọkọ̀ wà tó mi. Nígbà tí lọ́rì náà bẹ̀rẹ̀ sí í fà sí apá òsì, mo ní bí wọ́n ṣe to ẹrù ló fà á, mo bá ní kí àwọn alágbàrù máa to àpò kòkó pọ̀ sí apá ọ̀tún. Fífà náà kò dáwọ́ dúró.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ gbé àwọn ìyá ìjọ wa lọ sí ìpàdé ní Àkúrẹ́, tí ìyàwó mi wà láàárín wọn pẹ̀lú ọmọbìnrin wa tó ń rákò, mo yà sọ́dọ̀ bàbá mẹkáníìkì pé kó bá mi fa okùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, kó fi wò ó bóyá wọ́n dọ́gba, kó sì tún wọn tọ́ kíá. Àwọn obìnrin sọ̀kalẹ̀, wọ́n jókòó sábẹ́ igi, wọ́n ń kọrin. Bàbá náà kò tilẹ̀ fọwọ́ kan okùn. Ó fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀, ó fi gẹdú tì í, ó gbọn táyà, ó yẹ àwọn sípíríngì wò. Ó wá ní, “Ìwọ tó ń wà á, wọ abẹ́ rẹ̀. Di irin yìí mú.” Bó ṣe máa ń ṣe fún gbogbo awakọ̀ nìyẹn.

Ẹ̀rù bà mí, torí gbogbo ìwúwo lọ́rì ló wà lókè àyà mi. Bàbá náà gòkè lọ yí sítíárìn díẹ̀díẹ̀, sọ́tùn-ún, sósì. Oríkèé irin tó so sítíárìn mọ́ táyà ń fò lọ́wọ́ mi. Mo fà á, ó yọ kúrò lára táyà.

Mo ń gbọ́ ẹ̀rín ọmọ mi lábẹ́ igi. Ọ̀nà tó ń yí ìdí àpáta ká la fẹ́ gbà. N kò lè jáde. Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò mí lábẹ́ ọkọ̀, ó ní, “Bàbá ọmọ mi, ẹ má jẹ́ ká pẹ́ o. Wọn ò ní dúró dè wá.” Mo ní kó gbé ọmọ fún mi. Ó ní, “Pẹ̀lú ọwọ́ gíríìsì yẹn?”

A kò lọ mọ́. Àwọn ìyá ìjọ bínú, wọ́n ní mo ba ìpàdé àwọn jẹ́.

Ọmọ náà ti di ìyá àgbà báyìí. Bó bá wá kí mi, tó fẹ́ máa lọ, ó máa ń ní mo ń dá òun dúró. Òótọ́ ni. Mo kàn máa ń fẹ́ wò ó díẹ̀ sí i ni.