Ọwọ́ Ẹ̀rọ Omi Tó Wà Nínú Àpò Mi

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ilé tí mo ń gbé ní Ìsọlọ̀, kànga ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló sì wà fún gbogbo wa. Tí omi bá ti kún táńkì, ọ̀dọ̀ bàbá onílé ló máa ń kọ́kọ́ gbà, torí pé àgbà ló ń kọ́kọ́ mú. Lẹ́yìn náà ló máa ń kan àwa ará òkè. Ìgbà tí a bá pọn tiwa tán la máa ń ṣí ẹ̀rọ kan tó wà lẹ́nu ọ̀nà mi, kí ìyókù lè sọ̀kalẹ̀ lọ bá àwọn ará ìsàlẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má baà ṣí i láìgbàṣẹ, a yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà, irin pupa kékeré kan tí kò ju ìka ọwọ́ lọ. Wọ́n ní torí pé mo kàwé, kí n máa tọ́jú rẹ̀. Lójú tèmi, ìdí náà dára púpọ̀.

Ìyá kan láti Ìsẹ́yìn ń gbé yàrá ẹ̀yìn nísàlẹ̀. Ìyá Ìsàlẹ̀ là ń pè wọ́n. Aṣọ iṣẹ́ tó kún fún gírísì ni wọ́n ń fọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan tí kò jìnnà sí wa. Àárọ̀ Sátidé laṣọ ń dé, ọ̀sán Sọ́ńdè ni fóòmàn ilé iṣẹ́ náà ń wá kó o. Òfin rẹ̀ kò gùn: ọ̀sẹ̀ tí aṣọ kò bá ti ṣetán, ẹlòmíì ló máa gba iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ yẹn ni wọ́n sì fi ń tọ́ ọmọbìnrin wọn nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì.

Ní Sátidé kan, ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Òṣòdì pè mí kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ ṣe ń pín owó orílẹ̀-èdè. Ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀ dunjú nìyẹn. Mo ti kọ ìwé lé e lórí rí, èèyàn mẹ́rin ló kà á, iṣẹ́ oṣù ló sì mú kí mẹ́ta nínú wọn kà á. Mo wọ agbádá, mo fín lọ́fínńdà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé rédíò kì í gbé aṣọ, kì í sì í gbé òórùn. Mo kánjú jáde.

Mo sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà! Mo ní ìjọba àpapọ̀ ń bu èyí tó pọ̀ jù, àmọ́ ibi tọ́rọ̀ ti bàjẹ́ gan-an ni pé owó ìbílẹ̀ ń gba ọwọ́ gómìnà kọjá.

"Ẹ yí ìṣirò náà bó ṣe wù yín," mo ní. "Tẹ́nì kan bá ti dúró lójú ọ̀nà, tó di ìpín ẹlòmíì mú, asán ni. Ibi tí aláboyún ti ń bímọ, ibi tọ́mọ ti ń kọ́ ABD, ìbílẹ̀ ló ni ín. Ta ló sọ pé ìyókù ni kí wọ́n máa jẹ?"

Olóòtú kan sáárá sí mi. Mo ki ọwọ́ bàpò kí n mú áńkáṣíìfù nu òógùn. Irin tútù kan ló bọ́ sí mi lọ́wọ́.

N kò mọ bí mo ṣe ti Òṣòdì délé. Ìyá Ìsàlẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, òkìtì aṣọ níwájú wọn, bàsíà gbígbẹ mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, rédíò kékeré lórí àpótí.

"Gómìnà, ẹ káàbọ̀," wọ́n ní. "A gbọ́ yín. Ẹ gbèjà wa dáadáa. Mo tiẹ̀ pàtẹ́wọ́, ọwọ́ mi ṣáà gbẹ ni."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Kí ni mo fẹ́ bínú sí? Omi ni mò ń retí."

Mo sáré gòkè lọ ṣí ẹ̀rọ. Ó súfèé, kò dà. Àwọn ará òkè ti fọ mọ́tò, wọ́n ti fọ kápẹ́ẹ̀tì, iná sì ti lọ. Mo sọ̀kalẹ̀ wá sọ fún ìyá pé màá kọ ìwé sí bàbá onílé, kí a ṣàtúnṣe sí gbogbo ètò náà.

"Bùrọ̀dá, ṣé ìwé yẹn máa bọ́ gírísì?"

Mo bọ́ agbádá. Mọ́ṣáláṣí òpópónà kejì ní ẹ̀rọ omi tó wà fún gbogbo ayé, ibẹ̀ ni mo ti ń fi kẹ́ẹ̀gì méjì pọnmi títí ilẹ̀ fi ṣú, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ nígbà tílẹ̀ mọ́. Ìyá ń fọ̀, èmi ń ṣan án, mò ń fún un.

"Ẹ fún un dáadáa jàre! Ọwọ́ yín rọ̀ bíi ti gómìnà lóòótọ́."

Nígbà tí fóòmàn dé lọ́jọ́ kejì, ìgbátí àwọn aṣọ kan ṣì tutù. Ó fọwọ́ bà á, ó wo ìyá, ó wo èmi àti ṣẹ́ẹ̀tì mi tó rin gbindin.

"Ta nìyí?"

"Gómìnà wa ni. Ó wá ṣàtúnṣe."

Fóòmàn rẹ́rìn-ín títí. Ó ní ooru ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ á mú ìyókù gbẹ, ṣùgbọ́n kó má tún ṣẹlẹ̀ mọ́. Ìyá fi etí aṣọ nu ojú wọn. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a ṣèpàdé ilé. Mo ti ya ìwé ìpín omi, ó pé ojú ewé mẹ́ta. Ìyá ní kí n ká a.

"Ẹ pín in bẹ́ ẹ bá ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó di irin mú ni kó pọn kẹ́yìn."

Bàbá onílé, òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì ìjọba àpapọ̀, ní àṣà kò rí bẹ́ẹ̀, àgbà ló ń kọ́kọ́ mú.

"Ẹ̀yin ẹ máa mú ṣáájú, bàbá. Kò sẹ́ni tó bá yín du ipò. Ẹni tó di irin mú ni mò ń bá wí."

Bàbá onílé mi orí, wọ́n ní kó rí bẹ́ẹ̀.

Irin náà ṣì wà lọ́wọ́ mi dòní. Tómi bá dé, màá ṣí ẹ̀rọ, màá gbé bókẹ́ẹ̀tì òfìfo jókòó lórí àtẹ̀gùn, títí Ìyá Ìsàlẹ̀ á fi kígbe pé, "Gómìnà, ó tó o! Ẹ wá pọn tiyín."

Lọ́jọ́ míì, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó kígbe.