Bọ́ọ̀lù Náà Kò Kan Ilẹ̀

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Euless, tí à ń gbé inú apátímẹ́ǹtì kan tí bàálù ń fò kọjá lórí òrùlé rẹ̀ láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀, ohun méjì ni bàbá mi kì í fi ṣeré: ìsìn ọjọ́ Ìsinmi àti rọ́gíbì ọjọ́ Sátidé. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní àyíká Dallas bíi tèmi, ẹ ó mọ irú bàbá tí mò ń sọ. Ti ìsìn yé mi. Ti rọ́gíbì ni kò yé mi, kò sì tíì yé mi títí di òní. Mo ní ẹjọ́ láti rò nípa rẹ̀, mo sì fẹ́ rò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́, láìfi iyọ̀ sí i.

Kì í ṣe Nàìjíríà ni bàbá mi ti kó rọ́gíbì wá. Ní Ìbàdàn tó ti wá, kò gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ pàápàá rí. Pápákọ̀ òfurufú ló ti kó o. Ó ń kó ẹrù sínú bàálù pẹ̀lú àwọn ará Tonga, àwọn erékùṣù kan nínú òkun Pàsífíìkì, tí wọ́n pọ̀ ní Euless, àwọn ọkùnrin gìrìwò tí wọ́n ń fi ọwọ́ kan gbé àpótí tí bàbá mi ń fi ọwọ́ méjì wọ́. Ọ̀kan nínú wọn, Sione, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tiwa, ló ní kí ó wá wo àwọn ní pápá ní Sátidé kan. Bàbá mi lọ. Ara rẹ̀ padà wálé, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ dúró síbẹ̀.

Ó gbìyànjú láti ṣàlàyé eré náà fún mi. Bọ́ọ̀lù wọn gùn bí ẹyin. Iwájú ni ẹ ń lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn nìkan ni ẹ lè fi ọwọ́ ju bọ́ọ̀lù sí. Ẹni tó bá sì gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà tó wà ní ìparí pápá kò tíì jẹ nǹkan kan, àfi tó bá fi ọwọ́ tẹ bọ́ọ̀lù náà mọ́lẹ̀. Tó bá já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó kan ilẹ̀, òfo ni. Ẹ fi òfin yìí sọ́kàn, nítorí òun ni wọ́n fi jẹ mí níyà. Ẹnu bàbá mi ni mo ti gbọ́ ọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì ní kí n tún un kà kí ó tó gbà pé mo ti mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ tèmi ni ọsàn. Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, èmi ni mo máa ń gé e sí mẹ́rin mẹ́rin sínú kúlà, àpótí oníyìnyín wa, fún àwọn eléré, tí omi rẹ̀ á ta sí mi lójú, tí òórùn rẹ̀ kì í sì í kúrò ní ìka mi títí a ó fi ṣe ìsìn ọjọ́ Ìsinmi tán. Lẹ́yìn náà a ó kúnlẹ̀ gbàdúrà. Mọ́mì á gbàdúrà fún àwọn ará ilé ní Ìbàdàn, Dádì á gbàdúrà fún ẹgbẹ́ rọ́gíbì Euless. Èmi sì mọ̀ pé ní Lewisville, ní àkókò kan náà, Dádì Káyọ̀dé ń bá Ọlọ́run kan náà sọ̀rọ̀ nípa ẹgbẹ́ ti Lewisville. Mo bi Mọ́mì pé ta ni Ọlọ́run máa dá lóhùn nínú àwọn méjèèjì. Ó ní kí n lọ fọ eyín mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Dádì Káyọ̀dé jẹ́. Nọ́ọ̀sì ni, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ, ẹnìkan níbi iṣẹ́ rẹ̀ ló sì kó o wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń tẹ̀ lé Lewisville káàkiri. Bí ọkùnrin Ìjẹ̀bú kan àti ọkùnrin Ìbàdàn kan ṣe di ọ̀tá ara wọn lórí ìlú méjì ní Texas tí kò sí èyí tí wọ́n bí wọn sí, ìyẹn náà kò yé mi. Ṣùgbọ́n ọ̀tá ni wọ́n. Wọn kì í jókòó sórí ìjókòó kan náà lọ́jọ́ Ìsinmi tí Euless bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé Lewisville.

Ní Sátidé tí mò ń sọ yìí, pápá wa ní Euless ni eré ti wáyé. Àwọn ìyá Tonga ti sun ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n sì kó ewé kókò tí wọ́n fi di ẹran àti omi àgbọn wá, tó rí bí mọ́ínmọ́ín, tí kò sì dùn bíi mọ́ínmọ́ín, ṣùgbọ́n tí mo jẹ mẹ́ta nínú rẹ̀. Mo jókòó lórí kúlà mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà ìparí pápá, níbi tí bàbá mi fúnra rẹ̀ fi mí sí. Lewisville ló ń ṣáájú wa. Ó ku díẹ̀ kí eré parí ni ọ̀dọ́mọkùnrin wa kan gba bọ́ọ̀lù, ó sáré, ó sáré, ó fò kọjá ìlà níwájú mi gan-an. Nínú afẹ́fẹ́ ni bọ́ọ̀lù ti yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rí àlàfo láàárín ọwọ́ rẹ̀ àti bọ́ọ̀lù náà. Àlàfo yẹn tóbi tó kí n ki ọsàn odindi bọ̀ ọ́. Rẹfirí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fọn fèrè, ó ní ó wọlé. Euless borí. Bàbá mi gbé mi sókè tòun ti ọsàn ọwọ́ mi, ó sì kọrin lójú ọ̀nà títí a fi délé. Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan, èmi náà kò sì sọ nǹkan kan. Ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀ fún mi: n kò lọ bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, nínú gbọ̀ngàn tí a ti ń jẹun, Dádì Káyọ̀dé gbé àwo ìrẹsì rẹ̀ wá sí tábìlì wa. Ó bi bàbá mi bóyá torí pé pápákọ̀ òfurufú ló ti ń ṣiṣẹ́ ni bọ́ọ̀lù Euless kì í fi í fẹ́ balẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá mi dáhùn pé, "Nọ́ọ̀sì ni yín, Bàbá Káyọ̀dé. Ẹ lọ tọ́jú ọgbẹ́ yín." Ẹ̀rín náà di púpọ̀.

"Ẹ jí i gbé," ni Dádì Káyọ̀dé wí.

"Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìdí òdìkejì pápá, kí lẹ rí?"

"Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ wà nídìí ìlà ni?"

"Mi ò sí níbẹ̀, ọmọ mi wà níbẹ̀. Ọmọ mi kì í sì í purọ́." Ó na ọwọ́ pè mí. "Bísí, wá. Sọ ohun tí o rí fún Dádì Káyọ̀dé."

Mo kúnlẹ̀ láàárín wọn. Inú mi dùn, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n parọ́. Àgbà méjì ń dúró de ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Mo ní, "Ó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó kan ilẹ̀, sà." Nítorí pé mo fẹ́ kí Dádì mọ̀ pé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò bọ́ sómi, mo ka òfin náà tẹ̀ lé e, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Pásítọ̀ gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà náà ni Dádì Káyọ̀dé fi ọwọ́ lé èjìká bàbá mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. "Ẹlẹ́rìí yín rèé o, Bàbá Bísí. Ẹ̀yin lẹ pè é." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹnìkan fi lọ bu omi mu. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n eyín nìkan ló fi rín in.

Nílé, ó ní kí n kúnlẹ̀, kí n kọjú sí ògiri, kí n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ẹ mọ irú ìyà Amẹ́ríkà: kò gbọdọ̀ ní ariwo, kò gbọdọ̀ ní àpá. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi ka ẹ̀sùn sí mi lọ́rùn. Ó ní mo dá sí ọ̀rọ̀ àgbà. Òun ló pè mí. Ó ní mo dójú ti òun. Òun ló sọ pé ọmọ òun kì í purọ́, mo sì ṣe bó ṣe wí. Ó wá pa á lówe pé gbogbo ohun tí ojú rí kọ́ ni ẹnu ń sọ, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lábẹ́lẹ̀ láti ibẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Mo rò pé ó ń gbàdúrà fún mi ni.

Mọ́mì ló wá gbé mi dìde. Ó ń fi ọwọ́ ra orúnkún mi bó ṣe ń là mí lóye: tí wọ́n bá pe ọmọ sáàárín àgbà pé kí ó sọ ohun tó rí, ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kí ó dúró sí. Ó ní ńṣe ni ǹ bá ti sọ pé mi ò rí i dáadáa. Mọ́mì yìí kan náà ló gbá mi lẹ́nu lóṣù tó ṣáájú torí pé mo purọ́ pé n kò jẹ ṣúgà.

Wọ́n gba kúlà lọ́wọ́ mi. Ọmọ Sione ló ń gé ọsàn láti ìgbà náà, gígé rẹ̀ kò sì dọ́gba. Èmi ń fọ aṣọ nílé ní Sátidé, mò ń gbọ́ igbe pápá láti ojú fèrèsé. Nígbà tó ṣe díẹ̀, bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í bu ẹran inú àwo rẹ̀ sí tèmi láìsọ̀rọ̀. Mo jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹran kì í ṣe ìdájọ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́: kí ó ṣí ẹnu rẹ̀ sọ pé mo rí ohun tí mo rí.

Mo ti wá bímọ báyìí. Bàbá mi ti fẹ̀yìn tì, ọ̀dọ̀ wa ní Little Elm ló ń gbé, Dádì Káyọ̀dé sì máa ń wakọ̀ wá kí i láti Lewisville pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún. Wọ́n ti di ọ̀rẹ́ láìjáwọ́ nínú ọ̀tá ṣíṣe. Ní Sátidé ìjẹrin, Euless tún na Lewisville, orí tẹlifíṣọ̀n mi ni wọ́n ti wò ó. Bí mo ṣe gbé dòdò wọlé ni Dádì Káyọ̀dé ń wí pé, "Ó dáa, mo gbà, ti òní kan ilẹ̀. Kì í ṣe irú èyí tí Bísí jẹ́rìí sí." Ó rẹ́rìn-ín. "Àbí ẹ ti gbàgbé ohun tí ẹ pè mí sọ lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn? Ẹ ní ẹ̀yin náà rí i. Ẹ ní ojú ọmọ yẹn dá ṣáká."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà náà, fóònù ni mo pè ní àdúrà.

"Dádì, ṣé òótọ́ ni?"

Ó ń wá rìmóòtù tó wà lórí itan rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn, Bísí."

"Ṣé òótọ́ ni, sà?"

Tìmí, ọmọ mi obìnrin, tó na gbọọrọ sórí àga, gbé orí sókè. Ó ní, "Grandpa, just tell her she was right."

Bàbá mi wò ó, ó wò mí. Ó ní, "O rí i dáadáa. Ojú ẹ ò tàn ẹ́ jẹ." Kò pariwo rẹ̀.

Gbogbo ìgbà èwe mi ni mo fi dúró de gbólóhùn yẹn. Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo ṣe nígbà tó dé. Mo yíjú sí Tìmí, mo ní, "Ta ló bá ẹ sọ̀rọ̀? Àgbà ń sọ̀rọ̀, o ń dá sí i. Dìde, bọ́ sí yàrá ẹ."

Nígbà tiwa, ẹsẹ̀ wa á ti kúrò nílẹ̀ kí gbólóhùn náà tó parí. Ìbéèrè á wà ní ọ̀fun wa, a ó gbé e mì, a ó lọ kọjú sí ògiri. Ti òde òní yàtọ̀. Tìmí dìde lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lọ. Kò ṣe ojú burúkú sí mi. Ó fẹ́ mọ̀ ni. "But Mommy, what did I do wrong?"

Èmi tí mo mọ ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo èèyàn tó ṣẹ̀ mí, tí mo lè to wọ́n bó ṣe ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé ara wọn, mo wá èyí tí ọmọ yìí ṣẹ̀, n kò rí i. Àwọn bàbá méjèèjì tẹjú mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ìpolówó ọjà ni wọ́n sì ń ṣe níbẹ̀. Mo ní kí ó padà jókòó. Ó jókòó, ṣùgbọ́n kò yé wò mí.